Kò Sẹ́ni Tó Fún Mi ní Páásíwọ́ọ̀dù

Má rẹ́rìn-ín o, Yàkúbù! Mo ní má rẹ́rìn-ín! Ìwọ àbúrò mi tí a jọ mu ọmú kan náà, tí mo wọ kẹ̀kẹ́ láti Limawa wá bá ní ṣọ́ọ̀bù tí o ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kpakungu, bí ìwọ náà bá fi mí rẹ́rìn-ín, ibo ni kí n gbójú mi sá sí? Ọmọ tí mo bí ló pè mí lólè. Hẹn, Muneer ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Màmá, ta ló fún yín ní páásíwọ́ọ̀dù ìyàwó mi?" Kí ni ìyẹn, bí kì í bá ṣe olè? Èmi! Èmi tí n kì í ṣí ìkòkò ọbẹ̀ Arifah láìjẹ́ pé ó pè mí!

Arifah ló fi páásíwọ́ọ̀dù ti kọ̀ǹpútà ẹ̀ pa, ó gbé e sójú fèrèsé pálọ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára. Ó ní fídíò tí òun ti ń kọ́ni ló ń lọ síléèwé kan tó fẹ́ gba òun síṣẹ́, kó tó di Alásárì ló gbọ́dọ̀ dé, kí ẹnikẹ́ni má gbé e kúrò. Mo ní mo ti gbọ́. Ó jáde.

Wọ́n pe ìrun Àílà. Wọ́n ń kun yàrá mi lọ́dà, pálọ̀ ni mo tẹ́ ẹní sí, mo kọjú sí gábàsì, kí ni mo rí? Fọ́tò ọjọ́ yìgì wọn gbàgàdà lójú kọ̀ǹpútà, Muneer ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín sí mi! Haba! Ṣé kí n máa forí balẹ̀ fún Muneer tí mo bí ni? Mo fi ìborùn bò ó, ó ń gbóná bí ààrò. Mo tẹ àmì kan nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó kọ "sílíìpù" jáde. Ìwé mẹ́fà tí mo kà tó mi í mọ̀ pé kó sùn ni. Mo tẹ̀ ẹ́, mo ní, ó dáa, sùn, n ó jí ọ bí mo bá kírun tán. Wàláhì, kò bi mí ní nǹkan kan! Ó sùn bí ọmọ tó yó. Ìgbà tí mo jí i ló wá ń bèèrè páásíwọ́ọ̀dù! Ilé wo ni wọ́n tì, tí ará ìta ṣì lè pa iná inú ẹ̀?

Mi ò mọ̀ pé bí kọ̀ǹpútà bá sùn, fídíò á dúró lójú ọ̀nà. Alásárì kọjá, kò dé ọ̀dọ̀ àwọn iléèwé yẹn.

Arifah ò bínú, ìyẹn gan-an ló ń pa mí. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Kò burú, Màmá." Ṣùgbọ́n fóònù ẹ̀ tó máa ń gbàgbé sórí àga mi, kò gbàgbé ẹ̀ mọ́. Yàkúbù, ojú ń tì mí láti jókòó nínú ilé ọmọ mi. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Bí mo bá sì bẹ̀ ẹ́ báyìí, wọ́n á ní mo ti jẹ́wọ́ pé mo ń tú àṣírí ẹ̀ wò.

Nítorí náà, dìde, ti ṣọ́ọ̀bù, ká jọ lọ sílé wọn. Má wulẹ̀ bá wọn fẹnu sọ ọ́. Kí Arifah ti kọ̀ǹpútà yẹn pa, kí ó pa páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ mọ́ sí ikùn, kí èmi tẹ àmì yẹn lójú Muneer, kó sùn, kí gbogbo wọn rí i. Kí orúkọ olè kọ́kọ́ kúrò lọ́rùn mi, kí n lè ráyè bẹ ọmọ ọlọ́mọ fún èyí tí mo ṣe lóòótọ́.