Róla Mẹ́fà Tí Ìwọ̀n Wọn Kò Dọ́gba

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ amánà, ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹni, ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má rò pé ọlọ́jà nìkan ló ń fi òṣùwọ̀n rẹ́ni jẹ. Mẹkáníìkì náà ní òṣùwọ̀n tiẹ̀.

Mùdáṣírù ń tún sukúta ṣe ní Ìgbẹ́tì. Ó mọṣẹ́, kì í sì í pa ìrun jẹ. Alájà Ṣẹrifat, agbẹ̀bí tó ń gun òkè lọ sáwọn abúlé, gbé sukúta rẹ̀ wá.

"Kò gun òkè mọ́, Mùdá."

Mùdáṣírù tú u. Ó rí i pé àwọn róla kéékèèké mẹ́fà tó ń yí nínú pọ́ọ̀lì ẹ́ńjìnnì, níbi tí bẹ́líìtì tó ń wa táyà wà, ti jẹ, wọ́n sì wúwo jù fún òkè.

"Èyí tó fúyẹ́ ló yẹ ẹ́, Alájà, kí ẹ́ńjìnnì lè ráyè fà. Ṣùgbọ́n mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí wọn ò bá dọ́gba, á máa jà, á sì jẹ bẹ́líìtì."

Ṣé ẹ gbọ́? Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ o. Mẹ́rin péré ló kù ní ṣọ́ọ̀bù nínú èyí tó fúyẹ́. Kí ló ṣe? Ó fi mẹ́rin náà sí i, ó dá méjì àtijọ́ padà mọ́ ọn, ó dé e pa.

Nígbà tí Alájà wá gbé sukúta, ó bi í pé, "Ṣé gbogbo rẹ̀ dọ́gba?"

"Wàláhì, ó dọ́gba."

Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí ìrun àsárì kù díẹ̀, Alájà ń sáré kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù lórí sukúta rẹ̀. "Ìyàwó Jímọ̀ ń rọbí lórí òkè! Ẹsẹ̀ ọmọ ló kọ́kọ́ yọ!"

Ó yẹ kí Mùdáṣírù dá a dúró. Ó jẹ́ kó kọjá lọ. Ó wọ mọ́ṣáláṣí, ó kírun, ṣùgbọ́n iye rakáà tó kí, kò mọ̀ ọ́n. Kò dúró ka tẹ̀súbà. Ó yá ọ̀kadà aládùúgbò, ó gbá tẹ̀ lé e.

Ní ìdajì òkè, ó bá sukúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, bẹ́líìtì ti já. Alájà ń fẹsẹ̀ rìn níwájú, báàgì lórí, ó ń mí gúlegúle. Mùdáṣírù gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà dé ilé Jímọ̀.

Ìyá yè. Ọmọ ò ké.

Alájà ń fọwọ́ nígbà tí Mùdáṣírù sún mọ́ ọn. "Alájà, méjì nínú róla yẹn, ti àtijọ́ ni."

Obìnrin náà kò gbójú sókè. "Bí mo bá tètè dé, bóyá ọmọ á yè, bóyá kò ní í yè. Èmi ò mọ̀, ìwọ náà ò mọ̀. Lọ sọ fún bàbá ọmọ."

Jímọ̀ ń gbẹ́ sàréè kékeré lẹ́yìnkùlé. Ó tẹ́tí títí Mùdáṣírù fi sọ ọ́ tán, ó wá na ọkọ́ sí i.

"Gbà. Gbẹ́ ẹ tán."

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ta ni nínú wa ló fẹ́ gba irú ọkọ́ bẹ́ẹ̀? Ibi tí oníbàárà ò lè yọjú sí, Ọlọ́hun ń wo ibẹ̀. Ọlọ́hun, tọ́ ọwọ́ wa sọ́nà kí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ wa. Má jẹ́ ká fi orúkọ Rẹ bo àlébù. Àmín.