Bàbá Tó Ni Géètì Wa

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti ń gba abẹ́ géètì kan wọlé lọ síbi iṣẹ́, tí n kì í lè gbójú sókè wò ó. Ó ti rẹ̀ mí. Ǹ bá má sọ ọ́ títí n ó fi kú, àmọ́ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, wọ́n fẹ́ mú bàbá arúgbó kan lọ fi sí ilé àdúrà, wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Èmi nìkan ni mo mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Akọ̀wé ni mí ní yunifásítì kan nítòsí Àkúrẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, àdúgbò Arákálé l'Ákúrẹ́ ni mò ń gbé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ géètì tuntun, àwọn ọ̀gá ní kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yà ya àwòrán wá, kí wọ́n mú èyí tó bá dára jù. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ orúkọ sára àwòrán, nọ́ńbà nìkan ni. Ọwọ́ mi ni gbogbo rẹ̀ ń gbà wọlé, ọwọ́ mi náà ni ìwé orúkọ àwọn tó ni nọ́ńbà wà. Èmi ni mò ń fi òǹtẹ̀ lu àpò ìwé kí wọ́n lè mọ ọjọ́ tó dé.

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún gbígba àwòrán pé ni bàbá kan ti Oǹdó wá. Ó ti fẹ̀yìn tì. Àwòrán ilé ló ń yà fún ìjọba ní Alágbàká nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó fi ọ̀rá wé àwòrán tirẹ̀ nítorí òjò. Mo fún un lómi, ó jókòó. Èdè Oǹdó ló kọ́kọ́ fi bá mi sọ̀rọ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èyí tá a jọ gbọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó tú àwòrán náà fún mi wò.

Ó yà á dáadáa o. Mo rí pẹpẹ kan lára òpó méjèèjì, ó ga tó àyà èèyàn. Mo bi í pé kí nìyẹn wà fún.

Ó ní, "Ọmọ mi, ìyàwó mi ló ni ín. Tó bá ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti oko bọ̀, tí kò sẹ́ni tó máa sọ̀ ọ́, á kàn dúró sójú títì ni, ọrùn á máa ro ó. Ó ti lọ báyìí. Mo fẹ́ kí obìnrin tó bá ru ọjà débẹ̀ lè sọ ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀."

Ó fi í sílẹ̀ fún mi, kò dúró de òǹtẹ̀. Ó ní òun gbẹ́kẹ̀ lé mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Mo ní àbúrò ọkùnrin kan. Ó kàwé yíya ilé, àmọ́ ọdún márùn-ún ni kò ríṣẹ́, lébìrà ló ń bá bíríkìlà ṣe. Ìyá wa fi ọwọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ kí wọ́n tó kú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ya àwòrán Bàbá ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí i. Mo ní kó kàn fi kọ́gbọ́n ni. Ara mi ni mò ń tàn.

Kọ̀ǹpútà ni àbúrò mi fi ya tirẹ̀, ó sì mú un wá. Kò yọ nǹkan kan kúrò, àtòpó àti pẹpẹ. Ẹ̀rù bà mí. Bí méjì bá jọra níwájú àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, àṣírí tú nìyẹn. Ni mo bá yí ọjọ́ ara òǹtẹ̀ síwájú, mo fi lu àpò Bàbá, ó di pé ó pẹ́ dé. Wọn kì í tú èyí tó bá pẹ́ dé. Èmi náà ni mo tẹ lẹ́tà tí wọ́n fi sọ fún un. Àwòrán yẹn wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù mi dòní.

Bàbá wá bá mi. Ó ní ó ku bí ọjọ́ mẹ́wàá kí ọjọ́ náà pé tóun ti mú un wá. Mo wojú àgbàlagbà, mo ní, "Bàbá, bóyá ẹ ṣi ọjọ́ kà ni." Ó jókòó, ó ń ka ìka rẹ̀. Kò pẹ́ tó dìde. Ó ní kí n má bínú.

Àwòrán àbúrò mi ni wọ́n mú. Wọ́n bi í pé kí ni pẹpẹ wà fún, kò mọ̀, torí mi ò sọ fún un. Ó ní ibi tí wọ́n á máa gbé fúláwà sí ni. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sì gbé ìkòkò fúláwà sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan wọ ọ́fíìsì mi, ó kúnlẹ̀. Ọmọ Bàbá ni, tíṣà ni l'Óǹdó. Ó wá bẹ̀ wá nítorí bàbá rẹ̀. Ó ní ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹta tó wọ mọ́tò wá sí géètì wa, tó ń gbé ìkòkò fúláwà sílẹ̀, tó ń sọ fáwọn síkiọ́rítì pé òun lòun ni géètì. Ó fa lẹ́tà kan yọ nínú báàgì. Lẹ́tà tí mo tẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ wò ó mà, ó pẹ́ dé, wọn ò tiẹ̀ tú u. Báwo ló ṣe máa jẹ́ tirẹ̀?" Ó ń sunkún. Mo ní kó ní sùúrù. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Mo pe àbúrò mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ ba ayé mi jẹ́ ni? Mo ti níyàwó, mo ti bímọ. Géètì yẹn ni wọ́n fi mọ̀ mí." Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, àmọ́ àbúrò mi wà nínú igbá tèmi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n gbé àwòrán náà lọ sí Oǹdó kó tó di Sátidé? Bí mo bá lọ, iṣẹ́ mi lọ, orúkọ ọmọ ìyá mi bàjẹ́. Bí mi ò bá lọ, wọ́n á máa gbààwẹ̀ fún ẹni tí orí rẹ̀ pé.

Ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ kó tó jáde ni kò jẹ́ n lè jẹun. Ó ní Bàbá ò bá àwọn jà mọ́, ó ti gbà láti lọ. Ó ní ó sọ pé bóyá òun ti ń ṣi ọjọ́ kà lóòótọ́.