Bí A Ṣe Yọ Ohun Tí Bọ̀dá Tọ́lá Fi Sílẹ̀

Ọlọ́run tó ń gbọ́ ti ẹni tí kò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́, Ẹ̀yin ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín láàárọ̀ yìí. Bàbá Pásítọ̀, mo kí yín sà. Màmá wa, mo kúnlẹ̀ o. Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ariwo ọpẹ́ kan ránṣẹ́ sí Jésù kí n tó la ẹnu. Rárá o, èyí kò tó! Àwọn tó wà lẹ́yìn, ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ẹ tún un ṣe! Ẹ ṣeun, ayọ̀ ò ní tán nílé yín.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Sista Fúnmi tó ń kọrin nínú kúáyà, tí ẹ máa ń sọ pé ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré. Kì í ṣe eré o, iṣẹ́ ni. Àwa díẹ̀ la wà nínú ófíìsì kékeré kan ní Àkúrẹ́ níbí. Iṣẹ́ wa ni kí á máa kọ áàpù, irú èyí tí ẹ máa ń ṣí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti fi ra ọjà tàbí láti fi wo èsì ìdánwò ọmọ. Lẹ́yìn tí mo jáde yunifásítì, mo jókòó sílé pẹ́. Mo ta ohun ìpara, mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, kí Ọlọ́run tó ṣe iṣẹ́ yìí fún mi. Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo gbọ́ pé ó fẹ́ bọ́, mi ò lè jẹun.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ilé ìwòsàn aláboyún kan wà ní Oǹdó tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ló ń gbé ófíìsì wa ró. A ṣe áàpù kan fún wọn tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń ṣí káàdì ìyá kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀, bí oyún rẹ̀ ṣe tó, abẹ́rẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ti gbà. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbé e dé, wọ́n ń gbàdúrà fún wa. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Nọ́ọ̀sì á tẹ orúkọ, á fọwọ́ lẹ́rán, á máa wò ó. Àwọn ìyá á máa retí, ọmọ á máa ké, oòrùn á máa mú. Mátírọ̀n wọn wá pe ọ̀gá wa lórí fóònù pé tí áàpù náà ò bá yá kí oṣù tó parí, àwọn á padà sí káàdì oníwèé, kí àwa máa gbé tiwa lọ. Ọ̀gá wa kò sì fi bò fún wa: tí ilé ìwòsàn yẹn bá lọ, kí kálukú máa wá iṣẹ́ mìíràn.

Ọ̀gá wa, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé ni wọ́n. Tí ara wọn bá balẹ̀, wọ́n á pè é ní iṣẹ́ bíi ti gbogbo wa. Tí ẹ̀rù bá ti bà wọ́n, ó di uṣẹ́. Ní gbogbo àsìkò yẹn, uṣẹ́ nìkan là ń gbọ́ lẹ́nu wọn. "Ẹ wo uṣẹ́ yìí o! Uṣẹ́ fẹ́ bọ́ o!"

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Oǹdó ni gbogbo wa ń bú. Èmi gan-an, mo dúró nínú ìjọ yìí, ní ìpàdé àdúrà, mo na ọwọ́ sí ọ̀nà Oǹdó, mo pàṣẹ fún òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà níbẹ̀ pé kó gbọ́ ọ̀rọ̀ Olúwa. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ó dá mi lójú pé Ọlọ́run náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Àmọ́ ó gbọ́ mi. Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni ọ̀gá wa rán mi lọ sí ilé ìwòsàn náà pé kí n lọ fi ojú ara mi rí i. Mo jókòó ti nọ́ọ̀sì kan. Ó tẹ orúkọ ìyá kan sórí fóònù rẹ̀, a ń dúró. Nígbà tó sú u, ó bọ́ síbòmíràn lórí fóònù yẹn náà, ó ń wo bàtà títà. Ẹ̀yin ará, bàtà ń ṣí wéré-wéré! Bàtà pupa, bàtà dúdú, èyí tó ga ní gìgísẹ̀. Mo ní háà! Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gbé odindi ṣọ́ọ̀bù bàtà, báwo ni kò ṣe ní lè gbé káàdì ẹyọ kan? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí mo ń bá wí, kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Bí mo ṣe dé Àkúrẹ́, mo tú kóòdù wa wò, ìyẹn ohun tí a kọ tí áàpù fi ń ṣiṣẹ́. Mo sì rí i. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní performance monitoring. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo bí áàpù ṣe ń yá sí, kó sì máa fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́. Kì í ṣe ohun burúkú. Ẹ jẹ́ ká ní Pásítọ̀ fi áṣà kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń mú wa jókòó, sẹ́nu ilẹ̀kùn níbẹ̀ yẹn, pé kó máa wo aago, kó máa kọ ìgbà tí kálukú wọlé, kó tó jẹ́ kí onítọ̀hún kọjá. Tí Pásítọ̀ bá ń ka ohun tó kọ, ó dáa. Tí Pásítọ̀ ò bá wá kà á mọ́ ńkọ́? Áṣà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, aago ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, èrò sì ti tò dé títì! Bí tiwa ṣe rí gan-an nìyẹn. Ibi tí ìròyìn náà ń lọ, kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ń wo ibẹ̀. A ò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ibẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé monitoring spirit, ẹ̀mí búburú tó ń ṣọ́ ènìyàn, ni o. Ẹni tó fi í síbẹ̀, ọmọ Ọlọ́run ni.

Bọ̀dá Tọ́lá ni. Bọ̀dá Tọ́lá àti ọ̀gá wa ni wọ́n jọ dá ófíìsì náà sílẹ̀. Bọ̀dá Tọ́lá ni wọ́n gbà mí síṣẹ́, àwọn ni wọ́n kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀, kí wọ́n tó kó lọ sí Kánádà. Lókè ohun tí mò ń wí yìí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé: Ẹ má fọwọ́ kàn án. A ò sì fọwọ́ kàn án. Àní sẹ́, a tún ń tọ́jú rẹ̀! Ràṣídì wà lára wa, àwọn òbí rẹ̀ ló wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta aṣọ l'Ákùúrẹ́, Mùsùlùmí ni, Áàfáà la máa ń pè é. Nígbàkígbà tí a bá ti tún áàpù ṣe, tí nǹkan yìí sì bàjẹ́, Ràṣídì ló máa jókòó tì í títí á fi gbéra padà. Mo bi í léèrè.

"Áàfáà, kí ni nǹkan yìí ń ṣe fún wa gan-an?"

"N ò mọ̀ o, Sista. Ti Bọ̀dá Tọ́lá ni."

Ẹ rí wa bí? A ò bèèrè ohun tó wà fún. Ti ẹ̀gbọ́n ni, ó parí. Ẹ̀gbọ́n rìnrìn àjò, a ń nu àga wọn lójoojúmọ́, àlejò ò sì ríbi jókòó.

Mo lọ bá ọ̀gá wa, mo ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ ọ, ó yé wọn. Ni wọ́n bá ń wo òrùlé.

"Fúnmi, ta ló máa sọ fún Tọ́lá? Èmi kọ́ o. Á ní bí òun ṣe yí ẹ̀yìn padà la bẹ̀rẹ̀ sí í tú uṣẹ́ òun."

Inú bí mi, ẹ má jẹ́ n purọ́ níwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ẹni tó fún mi ní iṣẹ́, kí n máa sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ṣe ló ń dí wa lọ́nà? Mo padà sínú àdúrà. Mo gbààwẹ̀. Mo ní kí Ọlọ́run fi ọwọ́ tọ́ ọkàn Bọ̀dá Tọ́lá níbi tí wọ́n wà, kí wọ́n dédé pè wá, kí wọ́n ní ká yọ ọ́. Màmá wa tó jókòó yìí ló rí mi lẹ́yìn ìpàdé, tí ojú mi wú, wọ́n ní kí ló dé. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Màmá bi mí léèrè.

"Fúnmi, ṣé nọ́ńbà bọ̀dá yìí wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà mà."

"Ṣé wọ́n máa ń gbé ipè rẹ?"

"Wọ́n máa ń gbé e mà."

"Lọ pè wọ́n. Ọlọ́run ti gbọ́ ti ọkàn wọn. Tìrẹ ló kù."

Lọ́jọ́ kejì, mo pè wọ́n láti ófíìsì. Bí fóònù ṣe ń dún ni mo ti kúnlẹ̀. Ràṣídì ní, "Sista, wọn ò rí ẹ o." Mo ní Ọlọ́run rí mi. Ọ̀gá wa ti sá jáde sí kọ́ríídọ̀, wọ́n ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Mo kí Bọ̀dá Tọ́lá, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ, mo kí òtútù Kánádà. Mo ń lọ yí po, mi ò débẹ̀. Àwọn ló ní, "Fúnmi, kí lo fẹ́ sọ?" Mo bá dijú, mo sọ ọ́.

Mo rò pé ipè ti já. Ni mo bá gbọ́ ẹ̀rín.

"Fúnmi! Nǹkan yẹn ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀ sà. A ò jẹ́ kó bàjẹ́ sà."

"Ọ̀sẹ̀ tí mò ń palẹ̀ mọ́ ni mo fi í síbẹ̀, kí n fi wo nǹkan kan. Mo ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án títí n ó fi parí. Mo parí, mo gbàgbé, mo wọ bààlúù lọ." Ẹ̀rín náà wá tán lóhùn wọn. "Ṣé nítorí tèmi lẹ ṣe ń jìyà látìgbà yẹn? Ẹ yọ ọ́, àbúrò mi. Ẹ yọ ọ́ dànù."

Mo sunkún lórí ìkúnlẹ̀ yẹn. Ohun tó dá wa dúró tó bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀! Ẹni tí à ń bẹ̀rù kò tilẹ̀ rántí mọ́.

Èmi àti Ràṣídì la jọ yọ ọ́. Òun tó ti ṣe wàhálà lé e lórí jù, ó ní, "Bísímílà," ó sì pa á rẹ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ, a fi áàpù tí a tún ṣe náà ránṣẹ́ sí wọn láàárọ̀ láì ṣí káàdì kankan wò, èmi àti ọ̀gá wa sì wọ mọ́tò Oǹdó. Ọ̀gá ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ọ̀wẹ́nà lójú ọ̀nà, wọ́n ní a kì í lọ bẹ àgbà lọ́wọ́ òfo.

A dé ibẹ̀, àwọn ìyá ti kún bẹ́ǹṣì. Mátírọ̀n dúró, wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà. Mo ní kí nọ́ọ̀sì ṣí káàdì. Ó tẹ orúkọ. Ojú fóònù funfun báláú. Ó tún un tẹ̀, funfun ni. Ó ti falẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní báyìí kò tilẹ̀ ṣí rárá! Mátírọ̀n yí sí èdè Oǹdó. Èmi tí mo dàgbà sí Ọ̀bà-Ilé lẹ́bàá Àkúrẹ́ níbí, mi ò gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ, ojú wọn ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Òógùn bo ọ̀gá wa. Mo yà sí kọ̀rọ̀, mo ní Bàbá, Ẹ ò mú mi dé ibí kí ojú ó tì mí.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi. Mo rí i! Ó ku ìlà kan. Ojú ewé káàdì ṣì ń dúró de nǹkan tí a yọ, pé kó sọ fún òun pé ó yá, máa ṣí. Ẹni tó ń dúró dè ti lọ, kò mọ̀. Mo yọ ìlà yẹn, mo fi í ránṣẹ́, mo ní kí nọ́ọ̀sì tún un tẹ̀.

Kó tó gbé ìka kúrò, káàdì ti ṣí.

Mátírọ̀n ò gbà. Wọ́n yọ fóònù tiwọn, wọ́n tẹ orúkọ mìíràn, ó ṣí. Wọ́n tún tẹ òmíràn, ó ṣí. Ni wọ́n bá ń pe àwọn ìyá wọlé ní tẹ̀lé-tẹ̀lé, àfi ìgbà tí nọ́ọ̀sì tó ń fún wọn ní abẹ́rẹ́ pariwo látinú yàrá pé, "Mà, ẹ rọra, ọwọ́ mi ò tó yín bá mọ́!" Èmi àti ọ̀gá wa kàn ń wo ara wa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò tíì rántí gbé e kalẹ̀.

Nígbà tó ṣe, Mátírọ̀n jáde wá láti pe ìyá tó kàn. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì.

"Àwọn ìyá ọmọ dà?"

"Wọ́n ti lọ sílé, mà," nọ́ọ̀sì ló dá wọn lóhùn. "Gbogbo wọn ti gbà tán."

Mátírọ̀n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà fúnra wọn, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n yọ bàtà. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ò jókòó síbẹ̀ rí ní àárọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ẹ ò ní gbé nǹkan yín lọ síbì kankan."

Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ mi wà! Ti Ràṣídì wà, ti ọ̀gá wa wà! Ẹni tí àgbà kan wà tó ń bẹ̀rù láti pè, Ọlọ́run á fún un lẹ́nu, kó pè wọ́n. Ẹ dìde, ẹ bá mi jó! Àwọn ìyá ti gbé ọmọ wọn lọ sílé kí oòrùn tó mú. Bẹ́ǹṣì ṣófo l'Óǹdó! Ògo ni fún Ọlọ́run, bẹ́ǹṣì ṣófo!