Ẹṣin Tí Èèrà Bò

Nínú mọ́tò tó ń lọ sí Ìlútítun ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu màmá àgbà kan tó gbé ẹṣin oníke lé itan, àti onídìrí tó jókòó tì í.

"Màmá, orí ẹṣin yìí pá ju ti díákónì wa lọ."

"Ọmọ ọmọ mi ló fá a. Ó fẹ́ fún un ní irun tuntun àti àwọ̀ tuntun, mo wá ń ràn án lọ́wọ́. Epo pupa la kọ́kọ́ fi kùn ún. Kò pẹ́ tí èèrà fi bò ó."

"Epo kì í gbẹ, Màmá. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó wá fi kútẹ́ẹ̀sì kùn ún. Ẹ gba ataṣímẹ́ǹtì yìí, kó fi abẹ́rẹ́ rán an mọ́ ọn lọ́rùn. Kó fúnra ẹ̀ ṣe é o."

"Ìyá ẹ̀ ní mò ń ba ọmọ òun jẹ́."

"Kí lẹ wá fi dá a lóhùn?"

"Kí ni n bá sọ? Nígbà tí òun náà kéré, ó fi búlúù tí mo fi ń fọ aṣọ kun ewúrẹ́ mi. Mo nà án dáadáa. Ewúrẹ́ yẹn sì rẹwà, kí n má purọ́. Láti ọjọ́ náà, kò kun nǹkan kan mọ́, àfi ètè ẹ̀."