Pọ́lọ́ọ̀gì Mùtálúbù

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá wa, tó sì rí ohun tí a gbé pamọ́ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa, ẹni tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ pàápàá ń kó ẹrù wọn fún pamọ́. Ẹ̀yin jàmáà, ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ̀yin ará wa tí ẹ kì í ṣe mùsùlùmí tẹ́ ẹ dúró lójú pópó, ọ̀rọ̀ àmáná ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ohun tí wọ́n bá fi sí ọ lọ́wọ́, tó o bá ṣe màgòmágó sí i, ìrun rẹ kò lè bò ó mọ́lẹ̀. Mi ò ní pa yín lẹ́rìn-ín lónìí o. Ọ̀rọ̀ yìí ń rí mi lára.

Lásísì mẹkáníìkì, ẹ mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n dárúkọ òun. Sáfù àkọ́kọ́, ìlà iwájú pátápátá nídìí ìrun, ni Lásísì máa ń wà. Kí ládàánì tó pe ìrun tán, ó ti ṣe àlùwàlá, ó ti jókòó. Àmì ìforíkanlẹ̀ iwájú orí rẹ̀ dúdú ju ọ́ìlì tí wọ́n dà nù lọ. Tó bá di oṣù ààwẹ̀, kì í gbé itọ́ mì. Ẹ̀yin náà mọ irú wọn, á máa tutọ́ káàkiri ilẹ̀ bí aláboyún oṣù méjì, pé kí ààwẹ̀ òun má baà bàjẹ́. Ṣé itọ́ ló ń ba ààwẹ̀ jẹ́? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?

Nínú ààwẹ̀ tó kọjá, Mùtálúbù gbé mọ́tò wá bá a. Mọ́tò asáré ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti Jámánì. Tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, fìlà rẹ á fẹ́ bá a lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Tó bá dúró, kò ṣe nǹkan kan. Tí mo bá rọra ń wà á, kò ṣe nǹkan kan. Àmọ́ tí mo bá tẹ iná mọ́ ọn pé kí n fi mọ́tò iwájú sẹ́yìn, ńṣe ni ẹnjíìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, agbára rẹ̀ á já. Oyún Sàfúrátù ìyàwó mi sì ti pé oṣù mẹ́sàn-án, ọmọ náà kò dorí kodò. Wọ́n ní Ìbàdàn la gbọ́dọ̀ gbé e lọ tí ìrọbí bá ti mú un. Mọ́tò yìí ni mo gbójú lé."

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ o. Ó fi ìyàwó lé e lọ́wọ́, ó fi ọmọ inú lé e lọ́wọ́. Kì í ṣe mọ́tò nìkan.

Lásísì ní, "Fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ wa nìyẹn."

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún ẹ̀yin ìyá wa. Àìsàn tó jẹ́ pé ìgbà tí mọ́tò bá ń sáré ló ń yọjú, ẹ ò lè rí i tẹ́ ẹ bá gbé mọ́tò dúró sábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ ní láti gbé e jáde, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ débi tó ti ń wúkọ́, kẹ́ ẹ tó wá máa tú u wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lásísì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, oòrùn sì mú. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú àwọn pọ́lọ́ọ̀gì jáde, àwọn nǹkan kékeré tó ń ṣáná sínú ẹnjíìnì. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ojúlówó, irú èyí tí ẹ ò lè rí rà ní Ìwó níbí. Ojú rẹ̀ wọ̀ wọ́n. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó ṣa àlòkù mẹ́rin nínú agolo, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha wọ́n títí wọ́n fi ń dán, ó fi wọ́n rọ́pò. Ó ṣáná sí mọ́tò. Mọ́tò ń dún dáadáa níbi tó dúró sí. Ó tutọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí Mùtálúbù dé, ó bi í pé, "Ṣé ẹ gbé e jáde, ẹ sì wà á lórí eré wò?"

"Wàláì, mo wà á dé Ẹdẹ. Pẹ̀lú ààwẹ̀ tó wà lẹ́nu mi yìí, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan."

Mọ́tò kò kúrò lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹnu ààwẹ̀ ló fi búra. Ẹnu tí kò gbé itọ́ ara rẹ̀ mì ló gbé pọ́lọ́ọ̀gì ẹni ẹlẹ́ni mì. Ẹ wá sọ fún mi, ṣé ààwẹ̀ nìyẹn, àbí ó kàn febi pa ara rẹ̀ lásán?

Ní ọjọ́ kẹfà tó gba mọ́tò padà, láàárọ̀, ìrọbí mú Sàfúrátù, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà. Mùtálúbù gbé e sẹ́yìn mọ́tò, ó di ọ̀nà Ìbàdàn. Tírélà tó kó gẹdú wà níwájú rẹ̀, ó ń wọ́. Mùtálúbù wò ó pé ọ̀nà ṣófo, ó yà jáde, ó tẹ iná. Ẹ̀gbẹ́ tírélà gan-an ni wọ́n dé tí ẹnjíìnì fi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tí agbára já. Mọ́tò mìíràn sì ti yọ níwájú, ó ń bọ̀. Kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn tírélà. Ó já wọ inú koríko lápá òsì. Ọlọ́run kó wọn yọ níbẹ̀, àmọ́ mọ́tò kò jáde mọ́. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni wọ́n fi ń nawọ́ sí ọkọ̀ kí ẹnì kan tó kó tòmátì tó dúró fún wọn. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, wọ́n rí Sàfúrátù gbà là. Ọmọkùnrin ni ọmọ náà. Kò sunkún.

Ní ọjọ́ kẹta, Mùtálúbù padà lọ gbé mọ́tò. Mẹkáníìkì kan wà lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, Tímótì lorúkọ rẹ̀, onígbàgbọ́ ni, ó ń mu gàrí lọ́sàn-án ààwẹ̀. Ó gbé gàrí sílẹ̀. Ó bi í pé, "Tó bá tutù ló ń ṣe é ni, àbí tó bá gbóná? Tó bá dúró, àbí tó bá ń gun òkè?" Wọ́n wọ́ mọ́tò jáde, Tímótì wọlé sínú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ títí tó fi wúkọ́, ó gbé e padà, ó tú u. Ó ní, "Ọ̀gá, ara wáyà kan ti bó níbí, iná ń já sọnù níbẹ̀ tí ẹnjíìnì bá fẹ́ sáré. Àìsàn àkọ́kọ́ nìyẹn, téèpù lásán ló ń fẹ́. Àmọ́ àwọn pọ́lọ́ọ̀gì yìí ti kú, wọ́n ha wọ́n ni. Orúkọ ara wọn kò tiẹ̀ bára mu. Ta ló kì wọ́n bọ̀ ọ́?"

Ẹni tó ń mu gàrí ló sọ òótọ́, ẹni tó ń gbààwẹ̀ ló purọ́. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ níwájú ẹ̀yin ará wa onígbàgbọ́, àmọ́ mo sọ ọ́.

Èmi àti Lásísì la jọ lọ kí wọn kú ọ̀fọ̀ ọmọ, nínú mọ́tò mi. Mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan nípa pọ́lọ́ọ̀gì. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ sùúrù sílẹ̀ nínú mi. Lásísì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ gba kádàrá. Àmúwá Ọlọ́run ni."

Orí ẹní ni Sàfúrátù jókòó sí, ó fi gèlè di àyà rẹ̀ nítorí ọmú tó ń ro ó. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Bọ̀dá Lásísì, ẹ má gbé e ka Ọlọ́run lórí. Pọ́lọ́ọ̀gì ọkọ mi dà?"

Lásísì wolẹ̀. Ó bojú wòta, ó wo mọ́tò mi.

Ẹ̀yin jàmáà, mọ́tò tèmi ló ń wò. Lọ́sẹ̀ tó gba mọ́tò Mùtálúbù, mọ́tò mi náà ń ṣòjòjò. Lásísì ní òun fi pọ́lọ́ọ̀gì ojúlówó ta mí lọ́rẹ, pé sàdákà ààwẹ̀ òun ni. Mo gbọ́wọ́ sókè nínú mọ́ṣáláṣí, mo ṣàdúà fún un, ẹ̀yin náà ṣe àmín. Mo fi mọ́tò náà wáàsí káàkiri gbogbo Ọ̀ṣun. Kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo kórìíra Lásísì lọ́jọ́ náà, mi ò purọ́ fún yín, àmọ́ ara mi gan-an ló rí mi lára jù.

Mo ní kó tú wọn níbẹ̀, lójú Mùtálúbù. Mo kó wọn síwájú Sàfúrátù lórí ẹní, mo ní kó foríjì wá. Ó wò wọ́n. Wọ́n kéré, ọwọ́ kan lè kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní, "Alfa, ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbọ́ wáàsí yín. Ẹ ń sọ fún wa pé ká máa tọrẹ. Ẹ ò sọ fún wa rí pé kí ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ bèèrè ibi tí ọrẹ náà ti wá."

Mo fi mọ́tò mi sílẹ̀ níbẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn délé.

Ó dáa, mo ti ń sọ ọ́ báyìí. Ọlọ́run mọ́, ohun tó mọ́ ló ń gbà. Ohun ẹni ẹlẹ́ni kì í di sàdákà nítorí pé alfa ló gbà á. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ dá ohun olóhun padà kẹ́ ẹ tó wá túúbá. Ẹ̀yin alfa bíi tèmi, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó ṣàdúà.

Ọlọ́run, fi ọ̀nà tó tọ́ mọ̀ wá. Má jẹ̀ẹ́ ká febi pa ara wa lásán lórúkọ Rẹ. Tu Sàfúrátù àti Mùtálúbù nínú. Kó O sì foríjì mí, èmi tí mo jókòó lórí àmáná wọn tí mo ń wáàsí. Àmín.