Òkè Tí A Kò Gùn

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ ìtàn ìdílé, ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́. Ó ti di ọdún mọ́kànlélógójì tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun. Bí mo bá gbé e wọlẹ̀, ìwé tí ẹ fọkàn tán yóò máa parọ́ lọ lẹ́yìn mi.

Ẹ mọ ìwé tó ka gbogbo sàréè kaunti wa, èyí tó wà ní kọ́ọ̀tù. Èmi Orlena Tackett àti Wilma Crider la kọ ọ́. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo ti kọ́ títẹ̀wé, ó sì ń wù mí kí orúkọ mi wà lára ìwé. Ọdún méjì gbáko, gbogbo Sátidé, Wilma a ka ohun tó wà lára òkúta sàréè sókè, èmi a kọ. Èyí tó bá ti họ, a ó fi dígí tan oòrùn sí i kí lẹ́tà lè yọ.

Ó wá ku òkè tó wà lẹ́yìn ilé tí kaunti ti ń bọ́ àwọn aláìní. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ni, ọdún 1981. Agbọ́n ta Wilma lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀gún ya ṣòkòtò mi, omi wa sì ti tán. Wilma dúró lẹ́sẹ̀ òkè, ó ní, "Orlena, ta ló fẹ́ wá béèrè òkú tí kaunti sin lọ́fẹ̀ẹ́? Kọ ọ́ pé a débẹ̀, jẹ́ ká lọ jẹun." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ni mo fi gbà, kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo délé, mo tẹ̀ ẹ́: "A wò ó. Kò sí sàréè níbẹ̀."

Lọ́dún kẹta lẹ́yìn náà, àwọn aláṣẹ kaunti ṣí ìwé wa, wọ́n ní kò sí sàréè lórí òkè náà, wọ́n sì tà á fún ẹni tó ń ṣe ọ̀sìn màlúù. Mo gbọ́. Mo dákẹ́.

Èyí tó burú jù nìyí. Lọ́dún 1994, Ọ̀gbẹ́ni Delbert Sizemore wá bá mi láti ìpínlẹ̀ Ohio. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú sílé àwọn aláìní. Ó ní òun tẹ̀ lé pósí gun òkè, abẹ́ igi kédárì ni wọ́n sin ín sí, bàtà ẹ̀gbọ́n òun tí òun wọ̀ sì ń bọ́ lẹ́sẹ̀ òun. Mo ṣí ìwé tí èmi fúnra mi tẹ̀, mo nàka sí i. Mo ní ọmọdé máa ń da nǹkan rú. Ó wò ó títí, ó gbé fìlà rẹ̀.

"A jẹ́ pé èmi ni mo ṣì í, Mísì. Ẹ má bínú, mo ti fi àkókò yín ṣòfò."

Òun ló bẹ̀ mí.

Wilma ti kú. Lóṣù tó kọjá, nígbà tí dókítà ti sọ bí ọkàn mi ṣe rí fún mi, mo ní kí ọmọ àbúrò mi fi ọkọ̀ gbé mi lọ sórí òkè náà. Òkúta sàréè mẹ́tàlélógún ni mo kà láàárín màlúù. Mo délé, mo pe Ọ̀gbẹ́ni Delbert, mo jẹ́wọ́.

"Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, Mísì," ó ní, "ni mo fi rò pé ojú àlá ni mo ti rí ìsìnkú ìyá mi. Igi yẹn ńkọ́?"

Mo ní ó ṣì wà níbẹ̀.

"Ó dáa. Ọmọ mi á gbé mi wá lóṣù karùn-ún, nígbà tí ẹ bá ń to òdòdó sí sàréè."

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti ń dùn lẹ́nu mi. Mo ti lẹ àtúnṣe mọ́ ojú ìwé náà, mo sì fọwọ́ sí i. Ẹ dárí jì mí, ẹ dárí ji Wilma. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wa, ibi tí ẹ kò bá dé, ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò débẹ̀. Ẹni tó ń wá ìyá rẹ̀ á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè.