Ẹni Tí Yóò Kọ́kọ́ Tọ́ Iṣu Wò

Nínú mọ́tò tó ń ti Òkákà lọ sí Ṣakí, ìyá àgbà kan gbé iṣu tuntun lé itan, ó ń bá obìnrin tó jókòó tì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń lálàá.

"Nílé wa, àgbà ilé ló ń kọ́kọ́ tọ́ iṣu tuntun wò. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n re ibi àgbà ń rè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn."

"Ọlọ́run á kẹ́ wọn. Ẹ̀yin wáá làgbà báyìí, ìyá."

"Èmi ni. Gbogbo ilé ń wo ẹnu mi, àwọn ọmọdé ń dá itọ́ mì."

"Ibo lẹ wáá ń gbé e lọ?"

"Mò ń sá fún wọn ni."

"Ẹ ṣáà tọ́ ọ wò."

Ìyá rọra fọwọ́ pa iṣu náà bí orí ọmọ jòjòló.

"Tí mo bá tọ́ ọ wò, á jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ò padà wá mọ́ nìyẹn."